Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí ní Ìdèrè àti Gbogbo Ìbàràpá Mọ̀

Nígbàkúùgbà tí èsì ìdánwò JSS 3 bá jáde, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń gbé wá bá àwa àáfà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: “Àáfà, ọmọ yìí ò gbádùn ìwé tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n mú un lọ kọ́ṣẹ́ ni, àbí kó máa bá ìwé lọ?” Àwọn mìíràn ti pinnu kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, àdúrà ni wọ́n kàn wá gbà. Àdúrà dára, a kì í sì í fi du ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ máa ń ṣi èèyàn lọ́nà, nítorí ó mú un bí ẹni pé ìwé wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wà lọ́tọ̀, àti pé ẹni tó bá mú ọ̀kan ti ju èkejì nù. Ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà wà tí ọmọ tálákà lè gbà kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí yóò gba ìwé ẹ̀rí, tí ìwé ẹ̀rí náà yóò sì gbé e dé pólì tàbí yunifásítì bó bá wù ú. A fẹ́ to àwọn ọ̀nà náà sílẹ̀ níbí, kí a sì sọ ibi tí kòtò wà nínú wọn.

Ìdèrè jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú méje tí à ń pè ní Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Òun àti Igbó-Ọrà ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí, àgbàdo àti iṣu ló ń ti ibẹ̀ jáde. Ní àwọn ọdún 1980, ohun mìíràn ni àwọn oníṣègùn káàkiri fi mọ orúkọ Ìdèrè: sòbìà. Ọmọ tí sòbìà bá mú lẹ́sẹ̀ kò lè rìn dé ilé-ẹ̀kọ́, bàbá rẹ̀ kò sì lè dé oko. Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti ní ètò ìlera ní Igbó-Ọrà láti 1963, rán àwọn olùkọ́ rẹ̀ wá. Wọ́n dá àwọn ọmọ ìlú lẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n sì kọ́ àwọn èèyàn láti máa fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. A mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí ohun kan péré. Asẹ́ yẹn, aṣọ ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gé, tó mọ̀ ọ́n rán, ló sọ ọ́ di asẹ́. Ìmọ̀ dókítà àti ọwọ́ ẹni tó mú abẹ́rẹ́ ló jọ ṣe é.

Bí ètò náà ṣe dé ibi tó dé

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi jáde tí wọn kò ríbi lọ. Ìjọba ní modern school ọlọ́dún mẹ́ta fún wọn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ àwọn fáàmù sẹ́tímẹ́ǹtì láti 1959, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti kọ́ iṣẹ́ oko ìgbàlódé, ní àwòkọ́ṣe abúlé àwọn àgbẹ̀ Ísírẹ́lì. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Èrúwà. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lọ sí irú àwọn abúlé bẹ́ẹ̀ kò dúró: owó tó ń wọlé kéré, ìlú ńlá sì ń pè wọ́n.

Ètò 6-3-3-4, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ló mú iṣẹ́ ọwọ́ wọ kíláàsì gbogbo ọmọ. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún yóò rántí Íńtíró Tẹ́ẹ̀kì. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ló sì jókòó sínú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá, nítorí iná kò sí, tíṣà tó lè lò wọ́n kò sí, yàrá tí wọn yóò gbé wọn sí gan-an kò sí. Ohun tí àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ ní lọ́kàn ni pé lẹ́yìn JSS 3, àwọn ọmọ yóò pín: àwọn kan á lọ SS, àwọn kan á lọ tẹ́kíníkà, àwọn kan á lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọn kò pín. SS ni gbogbo òbí ń lé ọmọ wọn lọ, nítorí ní ojú wa, ọmọ tó lọ tẹ́kíníkà ni ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé.

Ní 2011, wọ́n tún gbé òmíràn jáde. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun sọ pé gbogbo ọmọ SS, ìbáà ṣe sáyẹ́ǹsì, ìbáà ṣe átì, gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ kan nínú iṣẹ́ 34 mọ́ àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì rẹ̀. WAEC kọ́kọ́ ṣe ìdánwò wọn ní 2014. Iṣẹ́ tó wà nínú ìwé náà wuni: aṣọ pípa láró, ẹja sísìn, fọ́tò yíyà, oúnjẹ sísè, àtúnṣe mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ SS tó bá wà lágbègbè yín pé èwo ni òun ń ṣe. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ni yóò dárúkọ: Marketing, Data Processing tàbí Animal Husbandry, nítorí àwọn wọ̀nyí ni ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ́ láìra irinṣẹ́ kankan. Àwa ti rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ Data Processing láìsí kọ̀ǹpútà, tí ọmọ ń ya kíbọ́ọ̀dù sínú ìwé bí ẹni ń ya máàpù. Ọmọ náà yege. Kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.

Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gé àwọn iṣẹ́ náà kù sí mẹ́fà fún SS: síso sólà mọ́lé àti àtúnṣe rẹ̀, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, irun àti ìtọ́jú ẹwà, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti ọ̀gbìn. A rò pé dídín tí wọ́n dín in kù yìí dára. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lè ra irinṣẹ́ iṣẹ́ 34 lè gbìyànjú fún ẹyọ kan tàbí méjì. Ẹ sì wo àwọn mẹ́fà náà dáadáa: kò sí èyí tí kò ní oníbàárà ní Ìdèrè.

Méjì nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, oko ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ níyà. Ọmọ tó pẹ́ dé, kó lọ gé koríko. Ọmọ tó pariwo, kó lọ kọ ebè. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà irú ìyẹn, a wá ń bi í pé ṣé ó fẹ́ ṣe àgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń kó tà lójú ọ̀nà, gàárì wà nínú rẹ̀, láfún wà nínú rẹ̀, sítáàṣì wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́ sì ń fẹ́ ẹni tí yóò tún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́. Ní Igbó-Ọrà tó múlé gbe Ìdèrè, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ láti 2006. Pólì wà ní Èrúwà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ sì wà ní Lánlátẹ̀. Ọmọ Ìdèrè tó fẹ́ fi ìwé kún iṣẹ́ oko kò ní láti jìnnà sílé.

Òfin kọ́kọ́ ná

Kí a tó dárúkọ ọ̀nà kankan, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí òfin sọ. Òfin UBE ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìn-ín-ní dé JSS 3, di ọ̀fẹ́ àti dandan. Òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ parí rẹ̀ ti rú òfin: wọn yóò bá a wí lẹ́ẹ̀kìíní, lẹ́ẹ̀kejì ó lè san ₦2,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí kó ṣe méjèèjì. A mọ̀ pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí òbí mọ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n mú kúrò ní JSS 1 lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ti pàdánù ohun tí kò ní rọrùn láti gbà padà, nítorí láìsí ìwé ẹ̀rí JSS 3, tí wọ́n ń pè ní BECE, ilẹ̀kùn tẹ́kíníkà kì í sábà ṣí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-kéú wa pẹ̀lú, a kò sì ní fi bò. Àwọn àgbà wa kì í ya kéú kúrò lára iṣẹ́. Ní Ìsẹ́yìn, ẹni tó ń hun òfì lè jẹ́ ẹni tó ń ka Àlùkùrááni fún àwọn ọmọ lálẹ́, fìlà rírán sì ti bọ́ ọ̀pọ̀ àáfà. Imaamu Al-Ghazali, nínú Ìhyá rẹ̀, ka iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ aṣọ híhun àti aṣọ rírán mọ́ àwọn ohun tó jẹ́ ọ̀ranyàn fún gbogbo ìlú lápapọ̀, tó fi jẹ́ pé bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú ìlú, ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ìlú ni. Ànábì Dáwúdà ṣe agbádá irin, Ànábì Sakariyáà ṣe káfíńtà. Ní òde òní, a ti ń rí ilé-kéú tó ń gba ọmọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ jáde pẹ̀lú ìwé Ìdáádí tí àjọ ìjọba kankan kò fọwọ́ sí, tí kò ní BECE, tí kò sì mọ iṣẹ́ kankan. Bí ọmọ yín bá wà ní irú rẹ̀, ẹ bi mùdíírù léèrè bóyá ó lè forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún BECE ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba mọ̀.

Tẹ́kíníkà

Ọ̀nà tí àwọn òbí mọ̀ jù ni SS, a sì ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Èyí tí wọn kò mọ̀ dáadáa ni tẹ́kíníkà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń pè ní Government Technical College. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní wọn, lára wọn ni ti Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ń wọlé lẹ́yìn JSS 3, ó sì ń lo ọdún mẹ́ta, bíi ti SS gẹ́lẹ́. Ó máa yan iṣẹ́ kan pàtó: mẹkáníìkì, wáyà inú ilé, rédíò àti tẹlifíṣàn, birikìlà, káfíńtà, omi ẹ̀rọ, wẹ́dà, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù, ilé kíkùn, aṣọ rírán, oúnjẹ sísè, irun ṣíṣe àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ní gbogbo rẹ̀. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ náà, ó ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ọmọ tó sá fún ìṣirò ní SS, tó rò pé òun á sinmi ní tẹ́kíníkà, yóò bá ìṣirò níbẹ̀ tó jókòó tì í.

Ìdánwò àṣejáde wọn kì í ṣe WAEC. NABTEB ni, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Benin. Ṣáájú ìgbà náà, City and Guilds ti Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ń ṣe, kí WAEC tó gbà á. Ìwé ẹ̀rí tí NABTEB ń fún ọmọ tẹ́kíníkà ni NTC. Ti àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ìṣòwò ni NBC. Ohun tí àwọn òbí kò mọ̀ rèé: NTC tó bá ní kírẹ́dítì tó pé, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́ọ̀sì náà ṣe fẹ́, jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń wọ pólì, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àti yunifásítì, bí ọmọ bá ti ṣe JAMB. Ọmọ tó kọ́ wáyà ní tẹ́kíníkà, tó wá lọ ka ẹ̀rọ iná mànàmáná ní pólì, ti fọwọ́ kan wáyà kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹfun yà á sí pátákó.

Nípa owó, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pa owó ₦3,000 tí àwọn ọmọ girama ìjọba ń san rẹ́ ní 2019. Ìjọba àpapọ̀ náà kéde ní 2025 pé ẹ̀kọ́ ní tẹ́kíníkà ti ìjọba àpapọ̀ yóò jẹ́ ọ̀fẹ́, pẹ̀lú owó ìtìlẹ́yìn lóṣooṣù. Ó dára láti gbọ́. Síbẹ̀, owó tó ń pa òbí ní tẹ́kíníkà kì í ṣe owó ilé-ẹ̀kọ́, owó irinṣẹ́ ni: ofurọ́ọ̀lù, bàtà, sípánà, tẹ́sítà, aṣọ tí ọmọ yóò fi kọ́ gígé. Bí ibẹ̀ bá jìnnà sílé, ẹ fi owó ibùsùn àti oúnjẹ kún un. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ wo yàrá iṣẹ́ wọn ní ọjọ́ tí iṣẹ́ ń lọ. Ẹ má wo àmì orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo bóyá eruku wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ bi wọ́n pé tíṣà mélòó ló ń kọ́ iṣẹ́ náà, àti pé iṣẹ́ èwo nínú àwọn tí wọ́n ń kọ́ ni ìjọba, nípasẹ̀ NBTE ní Kaduna, fọwọ́ sí.

Kò dọ́gba káàkiri, kí a sọ òótọ́. Èkó ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó àwọn tẹ́kíníkà rẹ̀. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí $200 mílíọ̀nù fún ètò IDEAS ní 2020 láti tún irú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ṣe, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n mú: Abia, Benue, Edo, Èkìtì, Gombe àti Kano. Èkìtì nìkan ló ti ilẹ̀ Yorùbá wọ̀ ọ́.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá

Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìdèrè ń tọ̀, yálà nílùú tàbí ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó. A kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ sàn ju kíláàsì tí kò ní irinṣẹ́ lọ. Ní Jámánì, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ nílé iṣẹ́, ó ń lo ọjọ́ kan tàbí méjì ní ilé-ẹ̀kọ́, fún ọdún méjì sí mẹ́ta ààbọ̀, ó sì ń gba ìwé ẹ̀rí tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Tiwa ní ìdajì àkọ́kọ́ yẹn. Ìdajì kejì ló sọnù. Ọmọ á sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn náà fírídọ̀mù á dé, òbí á yá owó se ìrẹsì, wọn á gbé ìwé onírànwọ́ fún ọmọ níwájú kámẹ́rà, ìwé náà kò sì ní jẹ́ nǹkan kan ní ọ́fíìsì tó bá lọ wá iṣẹ́. Àwọn mìíràn mọṣẹ́ tán, wọn kò rí owó fírídọ̀mù, wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Owó ayẹyẹ yẹn ìbá ti ra ẹ̀rọ.

Ọ̀nà wà láti gba ìwé tó ní láárí. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Trade Test, láti ìpele kẹta dé ìkíní. Ètò NSQ tún wà, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2013, tó sì ní ìpele mẹ́fà. Níbẹ̀, wọn kì í bi oníṣẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ wo lo lọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n ń wá wò, pẹ̀lú ẹ̀rí ohun tó ti ṣe sẹ́yìn. Ọ̀gá tó ti ń ṣe wẹ́dà fún ogún ọdún láìní ìwé kankan lè tipa bẹ́ẹ̀ gbà á. Àjọ NDE, tó wà láti 1986, máa ń fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, kó kọ àdéhùn sílẹ̀: ọdún mélòó, iye owó, ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ọmọ yóò fi lọ kíláàsì, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ bó bá fara pa. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i.

Àwọn ọmọbìnrin, àti sàká

Wọ́n máa ń bi wá bóyá ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè kọ́ wẹ́dà tàbí mẹkáníìkì. A kò rí ohun tó dí i lọ́wọ́, bó bá ti wà níbi tí ọmọlúàbí lè wà. Híjáàbù kì í ṣe ìṣòro àyàfi lẹ́bàá ẹ̀rọ tó ń yí: etí aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lè wọ ẹ̀rọ, kí ó fa ọrùn ẹni mọ́ra. Kí ó wọ èyí tó kúrú, tó mú orí dáadáa, kí ó ki etí rẹ̀ bọ inú ofurọ́ọ̀lù. Òfin yàrá iṣẹ́ náà nìyẹn fún ọkùnrin tó wọ agbádá.

Nípa sàká, ẹ jẹ́ ká rán àwọn ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí létí ohun kan. Imaamu An-Nawawi sọ nínú Al-Majmú‘ pé tálákà tó mọṣẹ́ lè gba ohun tí yóò fi ra irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti inú sàká, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí wa, sàká máa ń di ìrẹsì dẹ́rìkà méjì-méjì fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, tí yóò tán lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan fún ọmọ tó gba NTC lọ́dún yẹn kò ní dí ìrẹsì lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ kí ilé kan kúrò nínú àwọn tó ń gba sàká lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun kan kù, ó kéré, ó sì ti ba ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa jẹ́: orúkọ. Ọmọ kan náà á jẹ́ Rasheed nínú BECE, Rasidi nínú ìwé ọjọ́ ìbí, AbdulRasheed nínú NIN. Ẹlòmíràn á jẹ́ Sikiru níbí, Shukroh lọ́hùn-ún. JAMB ń fi NIN forúkọ ọmọ sílẹ̀, orúkọ tó wà níbẹ̀ ni yóò bá a lọ. Kí ẹ tó fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún BECE ní JSS 3, ẹ kó gbogbo ìwé rẹ̀ jáde, ẹ yan bí a ó ṣe máa kọ orúkọ náà, ẹ sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bára mu. Bí NIN bá yàtọ̀, ọ́fíìsì NIMC ni ẹ ó ti tún un ṣe. Ẹ tètè lọ, ó máa ń gba àkókò.